Egbò Tó Mú Afínjú Dákẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ẹṣin tí Afínjú jẹ́, omi ni kó gbé síwájú rẹ̀. Bí ewé kékeré kan bá já bọ́ sínú omi náà, ó tán nìyẹn. Afínjú á wo omi, á wo ẹni tó gbé e wá, á sì kọ ìdí sí onítọ̀hún. Búrẹ́mọ̀, olókùn-ẹṣin tó ń tọ́jú rẹ̀, ti da omi tó dára nù nítorí ìwà yìí lọ́pọ̀ ìgbà. Bó bá ń dà á nù, á máa bú u. "Ọmọ ọba ni ọ́, àbí? Ta ló bí ọ?" Lẹ́yìn náà á tún gbé garawa, á tún gba ọ̀nà kànga lọ, nítorí kò sí ohun tí ẹṣin náà ṣe tí kì í dùn mọ́ ọn nínú.

Alájì Àkànó ló ni ẹṣin, ẹni tí gbogbo Ìgbó-Ọrà ń pè ní Bàbá Àdínì. Ẹ̀gúsí ló ń rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá, tó ń kó lọ sí Ìbàdàn. Owó rẹ̀ ló ra Afínjú lọ́wọ́ àwọn Gàḿbàrí tó da ẹṣin wá láti òkè ọya, ṣùgbọ́n ọwọ́ Búrẹ́mọ̀ ló tọ́ ọ dàgbà. Ohun tí Bàbá Àdínì torí ẹ̀ rà á kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀: kí òun gùn ún lọ sí yídì lọ́jọ́ Iléyá, kí òun gùn ún padà wálé, kí ayé sì rí òun. Bí a bá yọwọ́ ọjọ́ náà àti ọjọ́ Móólúdì, Búrẹ́mọ̀ nìkan ló ń rí ti ẹṣin rò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Hàlímọ̀, ìyàwó Búrẹ́mọ̀, ti fi ọ̀rọ̀ ẹṣin yìí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Orogún ló máa ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ ni. "Bàbá Wàhábì, ṣé orogún mi ti jẹun kí èmi náà tó bu tèmi?" Wàhábì tí wọ́n fi ń pe ara wọn yìí nìkan ni ọmọ tí wọ́n bí, ó sì ti lọ kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà l'Ékòó. Ní ìlú tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bí ìbejì lórí ìbejì, ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún Búrẹ́mọ̀. Nígbà tí Wàhábì lọ tán, ilé dákẹ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni Búrẹ́mọ̀ ṣàkíyèsí pé bí òun bá ti wúkọ́ lójú ọ̀nà, kí òun tó yọ rárá, Afínjú á ti yán láti inú ilé ẹṣin. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun máa ń wúkọ́ nígbà tí ikọ́ kò ṣe òun.

Ó mọ ewé àti egbò tí ara ẹṣin ń fẹ́. Bàbá rẹ̀ ló ń ṣe é nígbà ayé rẹ̀, tí òun náà sì ń wò. Bí inú Afínjú bá ń kùn, èèpo ọ̀ganwó ni yóò rẹ sómi di òwúrọ̀, yóò fi kán-ún díẹ̀ sí i. Bí ara bá ń yún un, yóò po òrí mọ́ imí-ọjọ́, yóò fi pa á láti ọrùn dé ìdí. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí eṣinṣin bá fẹ́ máa yọ ọ́ lẹ́nu, yóò da ewé efinrin àti èèpo ọsàn gbígbẹ sórí ẹyín iná nínú àpáàdì, yóò gbé e sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, èéfín á sì gba gbogbo inú ibẹ̀. Hàlímọ̀ ní òórùn ọbẹ̀ ló ń ta níbẹ̀, pé lọ́jọ́ kan àlejò á yà síbẹ̀, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá. Ohun tó jẹ mọ́ ara ẹṣin kò le fún Búrẹ́mọ̀. Ti ọkàn rẹ̀ ni kò mọ èyí tí yóò ṣe.

Ìbọn ni Afínjú ń bẹ̀rù. Mọ́tò lè fọn fèrè létí rẹ̀, kò ní mira. Àwọn ọmọdé lè pariwo títí ọ̀fun wọn á fi gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ìbọn bá dún, ibi yòówù kó ti dún, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin Afínjú ni yóò kúrò nílẹ̀.

Ní Iléyá ọdún tó kọjá, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti yídì, àwọn ọdẹ to ṣakabùlà wọn sójú ọ̀nà láti fi yẹ́ Bàbá Àdínì sí. Ìbọn àkọ́kọ́ kò tíì dún tán tí Afínjú fi fò sókè. Bàbá Àdínì ń juwọ́ sí àwọn èèyàn nígbà náà, ọwọ́ náà ló sì ń jù lọ́wọ́ tó fi balẹ̀ sórí ẹ̀gẹ́ láfún tí àwọn obìnrin sá sẹ́bàá ọ̀nà. Agbádá aró ló wọ̀ kúrò nílé, agbádá funfun ló dìde pẹ̀lú ẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, ojú rẹ̀ funfun, eyín nìkan ni kò yàtọ̀. Ọlọ́run ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kó tó di ọ̀sán, Ìgbó-Ọrà ti rín in tán, ó ti dé Ìdèrè.

Egungun kankan kò ṣẹ́ lára Bàbá Àdínì, ṣùgbọ́n ojú tì í gan-an, ìtìjú sì máa ń pẹ́ lára ọlọ́lá. Ó ní òun máa ta ẹṣin náà. Búrẹ́mọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ títí Bàbá Àdínì fi ní ó dáa, òun fún un di Iléyá tó ń bọ̀.

"Ṣùgbọ́n bó bá tún dán an wò, Búrẹ́mọ̀, Fọlábí ni mo máa tà á fún. Mi ò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀."

Fọlábí jẹ́ onímàlúù tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn Tápà. Ó ní abo ẹṣin méjì, ó sì ti ń wá akọ fún wọn tipẹ́. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Búrẹ́mọ̀ bá ń nu ara Afínjú, yóò kàn ṣàdédé dúró, yóò gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ẹ̀rù yóò sì máa bà á bíi pé wọ́n ti wá mú un.

Iléyá tuntun náà ni àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ìjọba ní kí mọ́tò kúrò lápá òsì, kó máa gba ọ̀tún. Ọyẹ́ ti mú. Nígbà tó ku bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan, Búrẹ́mọ̀ wọ mọ́tò lọ sí ọjà Tápà. Ó di ìjókòó mú gírígírí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí kò dá a lójú pé dẹ́rẹ́bà kò ní gbàgbé apá tó yẹ kó gbà. Kò sọ fún Hàlímọ̀ pé egbò lòun ń lọ rà. Ẹlẹ́wé wà ní Ìgbó-Ọrà, ẹlẹ́wé pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá rà á nílé, kí ó tó délé ni gbogbo ìlú á ti máa bèèrè lọ́wọ́ Hàlímọ̀ ohun tó ṣe orogún rẹ̀.

Mùnírátù ni orúkọ ẹlẹ́wé tí wọ́n júwe fún un. Obìnrin kan tó sanra, tó jókòó sáàárín èèpo igi àti egbò bí ẹni tó jókòó nínú yàrá ara rẹ̀. Búrẹ́mọ̀ kí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹnu sọ̀rọ̀.

"Ẹnìkan ni nílé wa," ló wí. "Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀."

"Áà, Ọlọ́run á wò ó. Ṣé àgbàlagbà ni?"

"Ó ti dàgbà díẹ̀."

"Ṣé ó ń jẹun?"

"Ó ń jẹun dáadáa."

"Ṣé ó máa ń lu èèyàn?"

Búrẹ́mọ̀ rò ó wò. "Ó máa ń fẹsẹ̀ ta èèyàn."

Mùnírátù gbé ojú sókè, ó fimú fa afẹ́fẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé èèyàn ni àbí ẹṣin? Òórùn ẹṣin ló ń bọ̀ lára yín láti ìgbà tẹ́ ẹ ti dé."

Ojú ti Búrẹ́mọ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì wá sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Mùnírátù kò fi í ṣẹ̀sín jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní bàbá òun náà so ẹṣin rí. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó mú egbò kan tó rí pálapàla wá. Asofẹ́yẹjẹ ni. Ó ní èyí ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹni tí orí rẹ̀ bá dàrú, pé òun mọ ìwọ̀n tí bàbá òun máa ń lò fún ẹṣin.

"Ẹ sè é, ẹ máa fún un láràárọ̀ títí yóò fi tán. Kì í ṣe oògùn ìkánjú o, Bàbá. Ẹ ò ní rí nǹkan kan lójú ẹsẹ̀. Ara ẹṣin le lójú ni, inú rẹ̀ kò gba àṣejù. Níbo lẹ ti wá ná?"

"Ìgbó-Ọrà ni."

"Ẹ kú ọ̀nà."

Ó gé egbò, ó dì í, ó sì fi okùn so ó. Bó ṣe máa ń di ẹrù fún gbogbo ará Ìgbó-Ọrà tó bá wá sọ́dọ̀ rẹ̀ náà ló ṣe dì í: apá méjì lórí okùn kan, kókó kan láàárín. Àwọn ìyá ìbejì ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ti ibẹ̀ wá, wọn kì í sì í ra nǹkan ẹyọ kan. Apá kan fún Táyé, apá kan fún Kẹ́hìndé, bí wọ́n bá délé wọn á fi ọ̀bẹ gé kókó àárín. Ẹni tí kò bá ní ìbejì á lo apá kan, á fi èkejì pamọ́ di ọjọ́ mìíràn. Kò sí obìnrin kan ní Ìgbó-Ọrà tí wọ́n ń sọ èyí fún, Mùnírátù kò sì rántí pé ọkùnrin ló dúró níwájú òun. Búrẹ́mọ̀ ń wo mọ́tò tó fẹ́ lọ. Ó gba ìdì náà, ó sá tẹ̀ lé e.

Nígbà tó délé, ó gbé ìkòkò kaná lẹ́yìn ilé ẹṣin, ó tú okùn, ó sì da gbogbo egbò náà sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ká sọ òótọ́, bí yóò ṣe mu ún gan-an ni iṣẹ́ ibẹ̀. Egbò náà korò kọjá sísọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Afínjú gbóòórùn igbá, ó sì fi imú tì í dànù. Ní ọjọ́ kejì, Búrẹ́mọ̀ pò ó mọ́ èèrí ọkà bàbà. Afínjú jẹ ẹ̀gbẹ́ kan tí omi egbò kò dé, ó fi ìyókù sílẹ̀ bí àlejò tí ọbẹ̀ kò tẹ́ lọ́rùn. Búrẹ́mọ̀ wá lọ gé ìrèké, ó gún un nínú odó, ó fún omi rẹ̀ sí i. Èyí ni Afínjú jẹ, tó lá àwo mọ́. Búrẹ́mọ̀ fi ọwọ́ pa á lọ́rùn, ó ní, "Ẹlẹ́nu dídùn, mo ti mú ọ."

Nǹkan kan kò hàn títí ọjọ́ mélòó kan fi kọjá. Lẹ́yìn náà ni orí Afínjú bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ sílẹ̀, tí ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Búrẹ́mọ̀ rí i. Inú rẹ̀ dùn, ó ní oògùn ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rù Iléyá tó wà lára rẹ̀ kò jẹ́ kó wo ohun mìíràn.

Ọjọ́ Iléyá pé. Wọ́n di Afínjú ní gàárì, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó. Bàbá Àdínì gùn ún pẹ̀lú ìfòyà, ó di ìjánu mú bí ẹni di ọmọ tó fẹ́ sá mú. Wọ́n dé yídì, wọ́n kírun, wọ́n ń bọ̀, wọ́n ń fi kábárà yin Ọlọ́run. Àwọn ọdẹ ti to ìbọn wọn. Àwọn tó ń ta nǹkan lẹ́bàá ọ̀nà kó ọjà wọn sẹ́yìn, ìyá kan tó sá láfún sáré kó o nílẹ̀, àwọn èèyàn sì ti ń rẹ́rìn-ín sílẹ̀. Búrẹ́mọ̀ di okùn mú, ó ń ka gbogbo àdúà tó mọ̀.

Ìbọn dún. Gbogbo rẹ̀ dún tẹ̀ lé ara wọn, èéfín bo ojú ọ̀nà. Afínjú kò gbé etí. Ó ń rìn lọ bó ti ń rìn tẹ́lẹ̀, orí nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá hó yèè. Bàbá Àdínì gbé ọwọ́ sókè, ó sì jù ú láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Búrẹ́mọ̀," ló wí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, "oògùn wo lo lò?"

"Egbò ni, Bàbá."

"Egbò náà kò gbọdọ̀ tán o! Ẹṣin yìí kò lọ síbì kankan mọ́. Títí n ó fi kú, tèmi ni."

Odidi itan àgbò kan ni wọ́n gbé fún Búrẹ́mọ̀ lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ tuntun. Ohun tó fi ọdún kan bẹ Ọlọ́run fún ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó jẹun, ó yó, ó gbé omi, ó gba ọ̀nà ilé ẹṣin lọ ní ìrọ̀lẹ́. Ó wúkọ́. Nǹkan kan kò dáhùn. Ó tún wúkọ́, ó rò pé bóyá ariwo ọdún ni kò jẹ́ kó gbọ́. Nígbà tó wọlé, Afínjú dúró níbẹ̀, kò yíjú. Eṣinṣin wà ní igun ojú rẹ̀ méjèèjì, kò gbọn orí. Ọyẹ́ ti fẹ́ ewé àti pàǹtí sínú omi tí Búrẹ́mọ̀ gbé síbẹ̀ láàárọ̀, omi náà ti di omi ẹrọ̀fọ̀. Lójú Búrẹ́mọ̀ báyìí, Afínjú tẹ orí ba, ó sì mu ún.

Garawa bọ́ lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀. Ó jókòó sórí koríko. Ó ti bá ẹṣin tó ń ṣàìsàn gbé rí, ẹ̀rù kò bà á tó báyìí. Ó dà bíi pé ẹlòmíràn ni wọ́n so síbẹ̀.

Ibẹ̀ ni Hàlímọ̀ bá a. Ó ti wá a títí kó wá jẹ ìyókù ẹran. Ẹnu rẹ̀ ti ṣí láti dápàárá, ṣùgbọ́n nígbà tó rí ojú ọkọ rẹ̀, ó pa á dé. Ó wá rí okùn kan tí Búrẹ́mọ̀ fi kọ́ ìṣó lára ògiri, okùn olórí méjì tó ní kókó láàárín.

"Bàbá Wàhábì, ta ló bí ìbejì nínú ilé yìí tí mi ò gbọ́?"

"Ìbejì wo?"

"Okùn yìí. Ìdì ìbejì nìyí. Kí ni wọ́n fi dì fún yín?"

Búrẹ́mọ̀ rò gbogbo rẹ̀ fún un, láti Tápà dé ìrèké. Hàlímọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ìdajì ni ẹnìkan máa ń lò. Ó ní ohun tó yẹ kí ẹṣin méjì mu ni ẹṣin kan ti mu yìí. "Kí ló dé tẹ́ ò bi mí? Yẹ̀yẹ́ tí mò ń ṣe yẹn, ṣé ó wá tó kẹ́ ẹ máa fi nǹkan pamọ́ fún mi?" Ó gbé garawa tó ṣubú, ó lọ pọn omi tó mọ́ wá fúnra rẹ̀, ó sì fi etí aṣọ nu ojú Afínjú títí eṣinṣin fi kúrò.

Wọ́n da ìyókù egbò nù. Ó pẹ́ kó tó kúrò lára Afínjú. Búrẹ́mọ̀ fún un ní omi ọ̀ganwó, koríko tútù tó ń wá láti etí odò, Hàlímọ̀ sì ń dáná efinrin láìsọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ ti ń dín kù, Búrẹ́mọ̀ gbé omi síwájú rẹ̀. Ewé dọ́ńgóyárò kan ló wà lójú omi náà. Afínjú wo omi, ó wo Búrẹ́mọ̀, ó sì kọ ìdí sí i. Ẹ̀rín pa Búrẹ́mọ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó pe Hàlímọ̀ kó wá wò ó.

Ṣùgbọ́n Móólúdì ń bọ̀, àwọn ọdẹ kò sì ní gbàgbé ìbọn wọn sílé. Hàlímọ̀ ló dá a lábàá pé kí wọ́n lo ìdajì báyìí, bó ṣe yẹ. Ó bọ́gbọ́n mu. Búrẹ́mọ̀ padà sí Tápà, ó ra ìdì mìíràn, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gé kókó àárín, ó sè apá kan, ó ju apá kejì sí àjà. Ní ti ìdajì yìí, Afínjú kò sùn lórí ìdúró, ètè rẹ̀ kò gbọ̀n. Nígbà tí ọdẹ kan yìnbọn nínú igbó lẹ́yìn ilé, ó kàn gbé orí díẹ̀. Búrẹ́mọ̀ fẹ́ yọ̀. Ó jáde sójú ọ̀nà, ó wúkọ́, ó dúró, ó tún wúkọ́. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó mọ̀ pé ohun tó ń gba ẹ̀rù lọ́wọ́ ẹṣin náà kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Yóò gba ẹ̀rù, yóò sì gba ìyókù mọ́ ọn.

Ó ro ọ̀rọ̀ náà títí òjò àkọ́rọ̀ fi rọ̀. Bó bá ń fún un, ẹṣin á wà níbẹ̀, òun náà á wà níbẹ̀, gbogbo èèyàn á máa yìn ín. Bí kò bá fún un mọ́, ẹṣin á lọ. Kò sí ọ̀nà kẹta. Ó dá egbò dúró, ó dúró títí ara Afínjú fi mọ́ tán, ó wá wọ aṣọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ Iléyá, ó sì lọ bá Bàbá Àdínì.

"Bàbá, mo fẹ́ kẹ́ ẹ ta Afínjú fún Fọlábí."

Bàbá Àdínì ń ka tẹ̀sùbáà. Ó dáwọ́ dúró. "Ìwọ tó o yí nínú erùpẹ̀ lésìí?"

"Èmi náà ni, Bàbá." Búrẹ́mọ̀ sọ ti egbò, ó sọ ti ìdì ìbejì, kò fi nǹkan kan pamọ́. "Bó bá wà ní ojú ara rẹ̀, yóò gbé yín ṣubú. Bí n bá sì fún un ní nǹkan tí kò fi ní gbé yín ṣubú, kì í ṣe òun mọ́. Mi ò lè máa wò ó bẹ́ẹ̀."

"O mọ̀ pé bí ẹṣin bá lọ, iṣẹ́ rẹ náà lọ?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo ní oko ẹ̀gẹ́."

Bàbá Àdínì gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Mo mọ̀ ọ́n lára lọ́jọ́ Iléyá," ló wí. "Bó ti ń gbé mi lọ, ó dà bíi pé orí àga ni mo wà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹṣin mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ti rín mi jù, Búrẹ́mọ̀, àga gan-an ni mò ń wá." Ó mí kanlẹ̀. "Ránṣẹ́ sí Fọlábí. N ó fẹsẹ̀ rìn lọ sí Móólúdì. Ẹni bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín."

Fọlábí rán Láwàl, ọ̀kan nínú àwọn tó ń da màlúù rẹ̀, kó wá mú un. Afínjú kò mọ̀ ọ́n rí. Bó ti na ọwọ́ sí okùn, Afínjú yọ eyín sí i. Ó tún gbìyànjú, ẹṣin fò sókè, ó tú erùpẹ̀ sí i lára. Àwọn èèyàn pé jọ. Láwàl nu òógùn ojú.

"Bàbá, wọ́n ní ẹ mọ egbò dáadáa. Ṣé kò sí nǹkan díẹ̀ tẹ́ ẹ lè fún un, kó lè bá mi lọ jẹ́ẹ́?"

Ìdajì ìdì náà ṣì wà ní àjà. Hàlímọ̀ wo ọkọ rẹ̀.

"Kò sí," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Èmi ni n ó mú un lọ."

Ó fi ẹsẹ̀ rìn ín. Ó gba Ìdèrè, ó gba Tápà kọjá, Láwàl ń tẹ̀ lé wọn lọ́nà jíjìn. Ó ń bá Afínjú sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà, ó ń bú u, ó ń sọ fún un pé níbi tó ń lọ wọn kì í jẹ́ kí ọdẹ yìnbọn nítorí màlúù, pé koríko wà níbẹ̀, pé kó má fi ìwà ọmọ ọba rẹ̀ da àwọn èèyàn láàmú. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ nígbà tí wọ́n dé oko náà. Fọlábí jáde wá pàdé wọn, ó ń kí i kú iṣẹ́. Búrẹ́mọ̀ ń sọ fún un nípa èèpo ọ̀ganwó àti èéfín ìrọ̀lẹ́ lọ́wọ́, nígbà tí Afínjú gbé orí sókè. Ó ti gbóòórùn àwọn abo ẹṣin tó wà lẹ́yìn ọgbà. Ó yán, gbogbo ara rẹ̀ gbọ̀n, ó já okùn gbà lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀ pẹ̀lú agbára, ó sì sáré, gọ̀gọ̀ rẹ̀ ń fò, pátákò rẹ̀ ń tú ilẹ̀.

Okùn ti bó Búrẹ́mọ̀ ní àtẹ́lẹwọ́. Fọlábí rí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀, ó ní, "Áà, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ n pè é padà, kò tilẹ̀ dágbére fún yín."

"Ẹ má pè é," ni Búrẹ́mọ̀ wí. "Ẹ jẹ́ kó máa sá."

Ó dúró síbẹ̀, ó ń wò ó. Inú rẹ̀ dùn débi pé kò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, bó sì ṣe ń sunkún náà, kò fi ọwọ́ nu ojú, kí nǹkan kan má baà dí òun lójú.